Àkó Alààyè

Iṣẹ́ méjì ni mò ń ṣe nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Mò ń ránṣọ ní oríta Ọ̀rẹ̀, mo sì ń ṣe alárinà fún àwọn tó bá ń wá ọkọ tàbí aya. Ẹ̀rọ ni mo fi ń ṣe èkínní, ẹnu ni mo fi ń ṣe èkejì. Mi ò ba aṣọ oníbàárà kankan jẹ́ rí. Ẹnu yìí ni mo fi ba nǹkan jẹ́, òun ni mo sì fẹ́ sọ. Ẹni tó bá fẹ́ bú mi, kó fara balẹ̀ gbọ́ ọ tán ná, kó lè bú mi dé ibi tó yẹ.

Oyèlọlá ni orúkọ mi. Ní ọdún 1984, àwọn ológun ṣẹ̀ṣẹ̀ gbàjọba ni. Ọṣẹ ìfọṣọ, mílíìkì, ṣúgà, orí ìlà la ti ń rà wọ́n, sójà tó mú kòbókò dání ni yóò sì máa tò wá. Mo rí àgbàlagbà kan tí wọ́n ní kó máa fò bí ọ̀pọ̀lọ́ yí oríta ká nítorí pé ó yọ́ kọjá ẹni méjì. Òwú ìránṣọ wọ́n. Àwọn ènìyàn kì í rán tuntun mọ́, àtúnṣe ni wọ́n ń gbé wá, àtúnṣe yìí ló sì gbé Zubair wọ ṣọ́ọ̀bù mi.

Ilé ìlagi kan lẹ́bàá títì ló ti ń ṣiṣẹ́. Ìkirè ni bàbá rẹ̀ ti wá. Ó dá oko kòkó lórí ilẹ̀ onílẹ̀ ní Àjùé, ó ń san ìṣákọ́lẹ̀ lọ́dọọdún títí ó fi kú. Bí Zubair bá ti lagi tán nírọ̀lẹ́, á ṣa èyí tí wọ́n gé dànù, á jókòó sórí ìtì, á máa gbẹ́ nǹkan. Ó kọ́kọ́ ń gbẹ́ àpótí ìjókòó, lẹ́yìn náà ìlẹ̀kùn, nígbà tó yá ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ojú ènìyàn. Ṣòkòtò rẹ̀ kan wà tó gbé wá fún àtúnṣe ní ẹ̀ẹ̀mẹta láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Èmi tí mo mọ bí aṣọ ṣe ń ya mọ̀ pé ọ̀bẹ ló fi ń ya á.

Ẹ̀bùnọlá, ọmọ iṣẹ́ mi, ló ń wá wò. Ọmọ Bàbá Elisha ni, àgbẹ̀ kòkó ní Odìgbó, ẹni tí wọ́n fún ní ìjókòó iwájú ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ọmọ ọdún mọ́kànlélógún ni nígbà náà, ó dúdú, ó ga, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò pọ̀. Bó bá ń rẹ́rìn-ín, ó máa ń fọwọ́ bo ẹnu bí ẹni tó jí ẹran jẹ. Ní ẹlẹ́ẹ̀kẹta yẹn, ó gba ṣòkòtò náà, kò gbójú sókè, ó ní, "Bùrọ̀dá, bí ẹ bá tún fẹ́ rí mi, ẹ kàn máa wọlé. Òwú ti wọ́n."

Láti ọjọ́ náà ni Zubair kò ti ya ṣòkòtò mọ́. Ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́ ló ń wá. Á jókòó sórí àpótí tó fọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ́ fún mi, wọn á máa sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, èmi náà á sì máa wa ẹ̀rọ mi kí wọ́n má baà rò pé mò ń gbọ́. Mò ń gbọ́. Lọ́jọ́ kan, ó di ọwọ́ Ẹ̀bùnọlá mú, ó ń wò ó láìsọ̀rọ̀. Ẹ̀bùnọlá ní kí ló ń wá níbẹ̀. Ó ní òun ń kọ́ bí eegun ṣe tò ni, kí òun má baà gbàgbé. Ó wu èmi tí mò ń gbọ́ pé kí ẹnì kan wo ọwọ́ mi bẹ́ẹ̀ rí láyé.

Nígbà tí ìfẹ́ náà wọ̀ wọ́n lára tán, Ẹ̀bùnọlá jẹ́wọ́ fún mi pé òun ò ní fẹ́ ẹlòmíràn. Mo bá a wí. Mo rán an létí pé Mùsùlùmí ni ọmọkùnrin náà, pé kò ní ilẹ̀, kò ní ilé, igi ló ní. Ó gbọ́ mi tán, ó ní, "Àǹtí, ṣé ẹ ó bá wa ṣe é ni, àbí ká wá ẹlòmíràn?" Bí mo ṣe di alárinà wọn nìyẹn.

Mo wọkọ̀ lọ sí Odìgbó. Bàbá Elisha gbà mí tọwọ́tẹsẹ̀ títí mo fi dárúkọ ẹni tó rán mi. Èdè Ìkálẹ̀ wa ló fi dá mi lóhùn. Ó ní, "Ọma mi éè gbé ulí àlejò, Oyèlọlá." Ọmọ òun ò ní gbé ilé àlejò nìyẹn. Ó bi mí pé bí ọmọ òun bá lọ fẹ́ ọmọ ẹni tó ń san ìṣákọ́lẹ̀, ilẹ̀ wo ni àwọn ọmọ wọn yóò pè ní tiwọn. Ìyàwó rẹ̀, Màmá Elizabeth, ò tilẹ̀ bínú. Orúkọ ìsàmì tiwọn la fi ń pe tọkọtaya náà, kì í ṣe ti ọmọ. Ọmọ Ọ̀wọ̀ ni, ọkọ ló gbé e wá sọ́dọ̀ wa, kò sì sí obìnrin tó mọ kíjìpá hun tó o ní gbogbo agbègbè yẹn. Ọmọ mẹ́ta ló ti sin kó tó bí Ẹ̀bùnọlá, kò sì bí òmíràn mọ́. Ó kàn rọra béèrè lọ́wọ́ mi pé ẹni tó ń gbẹ́ igi, kí ló ń jẹ.

Mo lọ lẹ́ẹ̀kejì, mo lọ lẹ́ẹ̀kẹta. Wọ́n fún mi ní oúnjẹ, wọn ò fún mi ní ọmọ.

Ó ń lọ bẹ́ẹ̀ ni ọkùnrin ará Èkó kan bá Ọ̀rẹ̀ kọjá. Mọ́tò rẹ̀ ló bà jẹ́ lójú títì, ó wá jókòó de mẹkáníìkì ní ilé ìlagi. Ó rí àwọn ojú tí Zubair gbẹ́ sórí ìtì, kò sì bá mọ́tò rẹ̀ sọ̀rọ̀ mọ́. Òun ló ni gálárì ńlá kan ní Ìkòyí, ilé tí wọ́n kọ́ fún kí àwọn ènìyàn máa wá wo iṣẹ́ ọnà. Ó ní kí Zubair bá òun ká lọ, òun yóò fún un ní igi, ibi tí yóò ti máa ṣiṣẹ́ àti oúnjẹ, bí iṣẹ́ bá sì ti tó, òun yóò pe gbogbo ayé wá wò ó.

Kí Zubair tó lọ, ó tọrọ nǹkan méjì. Èkínní, ó bẹ Ẹ̀bùnọlá pé kó fún òun ní aṣọ rẹ̀ kan tí òun yóò máa wò. Ẹ̀bùnọlá mú ìró kíjìpá aláró rẹ̀ wá, èyí tí ìyá rẹ̀ hun fún un nígbà tó pé ọmọ ogún ọdún, mo dì í sínú bébà, mo sì fi lé Zubair lọ́wọ́. Èkejì, ọwọ́ èmi ló ti tọrọ rẹ̀. Ó ní òun fẹ́ rán aṣọ fún Ẹ̀bùnọlá ní Èkó, kí n fún òun ní ìwọ̀n rẹ̀. Mo ṣí ìwé ìwọ̀n mi, mo dà á kọ fún un: èjìká, àyà, ìbàdí, gígùn apá, àní títí dé ọrùn ọwọ́. Mo fi kún un pé gíga rẹ̀ dé ibi àmì tí mo fi ẹfun fà sára ìlẹ̀kùn mi. Ó wọ̀n ọ́n. Inú mi dùn pé ọmọkùnrin náà kì í ṣe ẹlẹ́nu lásán.

Nígbà tí Màmá Elizabeth wá ìró náà tì, ó bi mí. Mo ní ó wà ní ṣọ́ọ̀bù mi, etí rẹ̀ ló tú. Irọ́ kínní nìyẹn.

Odindi oṣù mẹ́wàá ni Zubair fi wà ní Èkó. Àwọn awakọ̀ ló ń bá wọn gbé lẹ́tà, ṣọ́ọ̀bù mi sì ni ilé ìfìwéránṣẹ́ wọn. Ẹ̀bùnọlá á ka lẹ́tà tán, á ká a sínú bùbá rẹ̀, á máa ránṣọ lọ. Lọ́jọ́ tí awakọ̀ bá ní òun ò gba nǹkan kan, abẹ́rẹ́ á máa gún un lọ́wọ́. Ó máa ń bi mí bóyá Èkó ti gbà á. Mo máa ń ní kò gbà á, kí ni mo mọ̀?

Nígbà tó di oṣù kọkànlá ọdún 1985, tí àwọn ológun mìíràn ti gba ìjọba lọ́wọ́ àwọn ológun àkọ́kọ́, lẹ́tà kan dé tí wọ́n kọ sí èmi gan-an. Zubair ní wọ́n ti pàtẹ iṣẹ́ òun, pé àárín yàrá tó tóbi jù ni wọ́n gbé èyí tó dára jù sí. Ó ní kí n bá òun mú Màmá wá, kí wọ́n fojú ara wọn rí i. Mo gbé lẹ́tà náà lọ sí Odìgbó. Mo sọ fún wọn pé ibi tí àwọn adájọ́ àti àwọn dókítà ti ń fi bàtà olówó ńlá rìn wo iṣẹ́ rẹ̀ kì í ṣe ibi tí ebi ti ń pa ènìyàn. Bàbá Elisha ronú títí. Ó ní bí ìyàwó òun bá lọ, tó wò ó, tó tẹ́ ẹ lọ́rùn, òun náà ò ní lòdì sí i mọ́. Ohun tí gbogbo wa bá lọ sí Èkó nìyẹn: ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo láti ẹnu Màmá Elizabeth.

Àwa mẹ́ta la jọ lọ, Màmá, Ẹ̀bùnọlá àti èmi. Sójà sọ̀ wá kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹrin kí a tó dé Èkó, wọ́n tú ẹrù wa. Ibẹ̀ ni mo ti rí i pé Màmá gbé kẹ́ẹ̀gì epo pupa kan àti ẹran ìgbẹ́ gbígbẹ dání. Mo bi í pé ta ló ń gbé e lọ fún. Ó ní, "Ta ni mo mọ̀ ní Èkó?" Ẹ̀bùnọlá gbọ́ ọ, ó fọwọ́ bo ẹnu. Ìyá tó bá gbé epo lọ fún ọkùnrin ti gbà nínú ara rẹ̀, ó kàn ń wá ibi tí yóò ti sọ ọ́ ni.

Zubair dúró dè wá lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú agbádá tó tóbi jù ú lọ. Ó dọ̀bálẹ̀ fún Màmá lórí sìmẹ́ǹtì gbígbóná. A wọlé. Òtútù ẹ̀rọ amúlétutù ló kọ́kọ́ pàdé wa. Gbogbo ògiri ibẹ̀ ló funfun báláú, òrùlé rẹ̀ ga ju ti ṣọ́ọ̀ṣì Odìgbó lọ. Ní yàrá kínní, wọ́n so ìlẹ̀kùn mọ́tò tó ti dípẹtà rọ̀, wọ́n to ìkòkò fífọ́ kún ilẹ̀, ẹnì kan sì da ọ̀dà pupa sára aṣọ ńlá kan láti òkè délẹ̀. Màmá rọra bi mí létí pé ṣé wọ́n ń kó kúrò ni. Mo ní iṣẹ́ ọnà òde òní ni. Ó ní kí n wò ó dáadáa.

Ṣùgbọ́n ní yàrá kejì, àwọn iṣẹ́ Zubair bẹ̀rẹ̀. Ojú àwọn ará Ọ̀rẹ̀ ni, àwọn tí mo mọ̀: alágbàṣe kan ní ilé ìlagi, ìyá oníṣu kan tí ehín iwájú rẹ̀ ti yọ. Àwọn ènìyàn ńlá dúró níwájú wọn, wọ́n dákẹ́ bí ẹni wà ní ìsìn. Obìnrin kan tó so góòlù mọ́rùn bá Zubair bọwọ́. Màmá rí i. Ó fà mí lápá, ó ní, "Oyèlọlá, iṣẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ń wò yẹn o." Ó rẹ́rìn-ín. Mi ò rí i kó rẹ́rìn-ín lórí ọ̀rọ̀ yìí rí. Mo sọ nínú ọkàn mi pé iṣẹ́ mi ti parí. Bí ọkọ bá mojú aya tán, alárinà a yẹ̀ba. Mo ti ń yẹ̀ba.

Zubair ṣíwájú wa wọ yàrá tó tóbi jù. Ẹ̀bùnọlá ló dúró láàárín rẹ̀.

Igi ni, ṣùgbọ́n ó gbà mí ní àkókò díẹ̀ kí n tó mọ̀ pé igi ni. Gíga rẹ̀ nìyẹn, èjìká rẹ̀ nìyẹn, mo mọ̀ ọ́n nítorí èmi ni mo wọ̀n ọ́n. Ó di irun rẹ̀ ní ṣùkú bó ṣe ń dì í. Ó fọwọ́ bo ẹnu, ẹ̀rín sì wà lẹ́yìn ọwọ́ náà. Wọ́n gbé e sórí pèpéle tí wọ́n tẹ́ aṣọ funfun sí, iná ń tàn sí i lórí. Ìró kíjìpá aláró Ẹ̀bùnọlá ló ró.

Zubair ń wo ojú Màmá, ó ń retí. Màmá ò kígbe. Ó sún mọ́ ère náà, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ká etí ìró náà sókè, ó wo ibi tí òun fúnra rẹ̀ ti parí ìhun. Ẹ̀ṣọ́ ibẹ̀ ní kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Ó jọ̀wọ́ aṣọ náà, ó yíjú sí Zubair.

"Ìgbà wo lọmọ mi kú?"

Zubair rò pé àwàdà ni. Ó ní, "Màmá, ẹ̀yin náà ẹ wò ó, ó wà láàyè. Bí mo ṣe ń rí i lójú mi lójoojúmọ́ ni mo gbẹ́ ẹ."

"Mo ní ìgbà wo lọmọ mi kú, tí o fi ṣe àkó rẹ̀?"

Èmi ni ọ̀rọ̀ náà kọ́kọ́ yé. Mo ti gbọ́ nípa àkó rí, ọ̀rọ̀ àwọn ará Ọ̀wọ̀ ni, ṣùgbọ́n kò wá sí mi lọ́kàn rí pé ó lè kàn wá. Bí ẹni ńlá bá kú ní ìlú wọn, tí wọ́n bá fẹ́ ṣe ìsìnkú ẹlẹ́ẹ̀kejì, wọn á gbẹ́ igi ní ìwọ̀n òkú náà gẹ́lẹ́, wọn á wọ aṣọ rẹ̀ gan-an fún un, wọn á gbé e yí ìlú ká, wọn á sì sin ín. Wọ́n ṣe é fún ìyá Màmá Elizabeth, òun náà sì tẹ̀lé e dé ẹnu ihò. Zubair ò dé Ọ̀wọ̀ rí. Ọmọ Ìkirè ni, Àjùé ni wọ́n ti tọ́ ọ, ta ni yóò sọ fún un? Ìfẹ́ ló ṣe tó fi gbẹ́ ẹ, èmi ni mo fún un ní ìwọ̀n, Ẹ̀bùnọlá ló fún un ní aṣọ. Àwa mẹ́ta la jọ ṣe òkú náà, kò sì sẹ́ni tó mọ̀ nínú wa.

Màmá ṣàlàyé fún un. Ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀, kò bú u. Ó ní òun ti sin ọmọ mẹ́ta, òun ò ní sin ẹ̀kẹrin. Ó ní àkó tí wọ́n bá ti gbẹ́, tí wọ́n sì wọṣọ fún, kì í dúró lókè ilẹ̀, ó ń wá ẹni tó ni ín ni. Ó ní, "Zubair, mo gbà ọ́. Mo gbé epo wá fún ọ. Gbé e kúrò níbẹ̀ lónìí, ká gbé e lọ sílé, ká sin ín bó ṣe yẹ. Bí a bá ti sin ín tán, mú ìyàwó rẹ."

Ọ̀rọ̀ tí a bá lọ sí Èkó nìyẹn, ó ti jáde. Ohun tó kù ni kí Zubair ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ó ń wolẹ̀. Bébà pupa róbótó kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ ère náà, ó fi hàn wá. Ó ní wọ́n ti rà á. Òyìnbó kan ni, ó kù díẹ̀ kí wọ́n fi ọkọ̀ ojú omi gbé e lọ. Ó ní òun ti tọwọ́ bọ̀wé, pé bí òun bá gbé e, gálárì náà ò ní bá òun ṣe mọ́, òun á sì padà sí orí ìtì ní Ọ̀rẹ̀. Ó ní kí Màmá fún òun láàyè díẹ̀.

Ẹ̀bùnọlá sún mọ́ ère náà. Ó wá ní, "Bọ́ aṣọ mi fún mi. Aṣọ nìkan."

Zubair na ọwọ́ sí ìró náà. Ẹ̀ṣọ́ tún sọ̀rọ̀. Ọ̀gá gálárì, ọkùnrin tó gbé e wá láti Ọ̀rẹ̀, ń wò wá láti ẹnu ọ̀nà. Zubair fa ọwọ́ rẹ̀ padà. Mo rí ojú Ẹ̀bùnọlá nígbà tó fà á padà, mi ò lè gbàgbé rẹ̀. Mo bínú sí Zubair gan-an lọ́jọ́ náà. Bí mo ṣe ń dàgbà ni mo ń rò ó pé ọmọkùnrin tí kò ní ilẹ̀, tí kò ní bàbá, tí ayé le báyẹn, ọwọ́ rẹ̀ nìkan ló ní, àwọn tó ń wò ó náà sì mọ̀.

Màmá gbé kẹ́ẹ̀gì epo rẹ̀, a padà sílé.

Lẹ́tà kan ṣoṣo ló tún kọ lẹ́yìn náà. Ó ní kí Ẹ̀bùnọlá má fẹ́ ẹnikẹ́ni, òun ń wá ọ̀nà tí òun yóò gbà gba ère náà padà. Lẹ́yìn ìyẹn a ò gbọ́ nǹkan kan mọ́. Òjò bẹ̀rẹ̀, ibà dá Ẹ̀bùnọlá dùbúlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Màmá ò kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó lọ bẹ ìjọ pé kí wọ́n bá òun gbàdúrà, ó sì ṣàlàyé ohun tí wọn yóò gbàdúrà lé lórí. Ara ọmọ náà yá, ṣùgbọ́n gbogbo Odìgbó ti gbọ́ pé wọ́n ti ṣe àkó rẹ̀ ní Èkó. Ìdílé méjì tó ti ń yọjú sí i lọ́nà ṣọ́ọ̀ṣì yẹra. Wọn ò sọ ìdí, kò sì sẹ́ni tó bi wọ́n.

Màmá wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù. Ó ní, "Ìwọ lo fún un ní aṣọ. Ìwọ lo fún un ní ìwọ̀n. Wá ọkọ fún ọmọ mi." Mi ò lè wò ó lójú. Àbúrò mi kan wà ní Àgọ́ Aláayè, Olúbáyọ̀, ìyàwó rẹ̀ ti kú, ó fi ọmọ méjì sílẹ̀ fún un. Ẹ̀gẹ́ ló ń gbìn, ènìyàn jẹ́jẹ́ ni, kò sì bẹ̀rù nǹkan. Mo dárúkọ rẹ̀. Ẹ̀bùnọlá kọ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹta. Ní ẹlẹ́ẹ̀kẹrin, ó gbà pẹ̀lú àdéhùn kan tó bá èmi nìkan ṣe: "Àǹtí, bí Zubair bá dé kí ọjọ́ ìgbéyàwó tó pé, ẹ ránṣẹ́ sí mi. Bó gbé e wá, bí kò gbé e wá, màá bá a lọ. Bí kò bá dé, mo gbà." Mo ní ó dáa. Mo búra fún un.

Sátidé ni ìgbéyàwó. Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ ni Zubair dé.

Ọkọ̀ tó ń kó pákó ló gbé e wá. Ó ti rù. Ó fo sílẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ fún mi lẹ́nu ọ̀nà, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ní ère mẹ́ta mìíràn ni òun gbẹ́ fún òyìnbó náà kó tó gbà láti dá èyí padà, òru àti ọ̀sán ni òun fi ṣe é, ìdí rẹ̀ nìyẹn tí òun ò fi kọ̀wé. Gálárì ti lé òun. Ó ní kò sí wàhálà. Ó fi ọwọ́ lu ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ náà, mo sì rí ohun gígùn kan tí wọ́n fi tapólì wé.

Ó ní, "Àǹtí, mo ti gbé e dé. Ẹ jẹ́ ká máa lọ sí Odìgbó, ká lọ sin ín bí Màmá ṣe wí."

Aṣọ ìgbéyàwó Ẹ̀bùnọlá wà lórí ẹ̀rọ mi nígbà náà, apá òsì rẹ̀ ni mò ń lẹ̀. Àbúrò mi ti kun ilé rẹ̀. Àwọn ẹbí wa ti ń dé láti Òkìtìpupa. Olúbáyọ̀ ti sunkún tó nígbà tí ìyàwó rẹ̀ kú, mo sì ti sọ fún gbogbo ayé pé èmi ni mo rí òmíràn fún un. Mo ro gbogbo èyí láàárín ìgbà tí ènìyàn lè fi fi òwú bọ abẹ́rẹ́. Bí mo bá ní ó ń fẹ́ ẹlòmíràn, Zubair á lọ sí Odìgbó, ọmọ náà á sì tẹ̀ lé e. Ohun kan ṣoṣo ló wà tí kò ní jẹ́ kó lọ.

Mo ní, "Zubair, Ẹ̀bùnọlá ti kú."

Ẹyin lohùn. Mo fẹ́ ká a padà bó ṣe ń bọ́, mi ò ká a. Mo retí pé kó ní irọ́ ni. Ẹlòmíràn á ní irọ́ ni. Ẹlòmíràn á sáré gba Odìgbó lọ. Ṣùgbọ́n Màmá ti sọ ọ́ fún un lójú ère náà, ó sì ti gbé ọ̀rọ̀ yẹn kiri fún oṣù mẹ́wàá. Ó bi mí pé ìgbà wo. Mo ní ìgbà òjò, ibà ni. Ó bi mí pé níbo ni wọ́n sin ín sí. Mo ní Ọ̀wọ̀, àwọn ènìyàn ìyá rẹ̀ ló gbé e lọ. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù mi, ó tẹ́ ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì síwájú, ó ń wò wọ́n.

"Àǹtí, ọwọ́ mi ló pa á."

Ibẹ̀ gan-an ni ó yẹ kí n ti sọ òótọ́. Mo mọ̀ ọ́n nígbà náà, mo mọ̀ ọ́n báyìí. Mo ní kó má sọ bẹ́ẹ̀, Ọlọ́run ló fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀.

Kò lè gbé ère náà padà sí Èkó, bẹ́ẹ̀ ni kò lè gbé e lọ sójú Màmá. Ẹ̀yìn ilé ìlagi, níbi tí igbó ti bẹ̀rẹ̀, ló gbẹ́ ilẹ̀ sí. Òun àti awakọ̀ ló gbé e sínú rẹ̀. Awakọ̀ ní kí wọ́n bọ́ ìró náà, pé aṣọ wọ́n, Zubair fa etí rẹ̀ bo ẹsẹ̀ ère náà. Ó ń ka àdúà lábẹ́ ẹnu. Mo rí ojú Ẹ̀bùnọlá àti ọwọ́ tó fi bo ẹnu kí erùpẹ̀ tó bò ó. Èmi náà bu erùpẹ̀ lé e, mo sunkún, omijé mi kì í sì í ṣe irọ́. Ohun tí Màmá béèrè ni Zubair ṣe pé yẹn, kò kù síbì kan, èmi nìkan ni mo sì mọ̀. Ó ní kí n bá òun bẹ Màmá. Ó wọ ọkọ̀ náà, ó lọ. Mo gbọ́ pé ó ń ru pákó ní Èbúté Mẹ́ta, pé kò gbẹ́ nǹkan kan mọ́.

Láàárọ̀ Sátidé, mo ń bá Ẹ̀bùnọlá de bọ́tìnnì ẹ̀yìn aṣọ rẹ̀. Ó bi mí bóyá ó dé. Mo ní kò dé. Ó ní ó dáa, a sì lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.

Ó ti bí ọmọ méjì fún àbúrò mi báyìí, wọ́n sì ń gbé ní ìrọ̀rùn. Ìyá rẹ̀ ṣì ń gba ààwẹ̀ lọ́dọọdún kí àkó náà má baà wá mú un. Èmi tó ń pè ní Àǹtí tẹ́lẹ̀, nítorí pé ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ ni mí, ọkọ mi ló ń pè mí. Bó bá wá sí Ọ̀rẹ̀ ra nǹkan, á jókòó sọ́dọ̀ mi, á máa wo títì, á máa wo gbogbo ọkọ̀ tó ń ti Èkó bọ̀. Lóṣù tó kọjá, ó fi ọmọ kékeré sí ẹ̀yìn, ó dìde láti lọ, ó tún dúró.

"Ọkọ mi, bí mo bá béèrè nǹkan kan, ẹ má bínú. Láti ìgbà yẹn, kò tiẹ̀ wá béèrè mi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo?"

Mo ń wọn aṣọ ẹnì kan. Mi ò gbójú sókè.

Mo ní, "Kò wá."